Géèmù Ọwọ́ Tuntun: Kí Ẹ Tó Ní Kí Ará Òkè-Òkun Fi Ránṣẹ́

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ ń sọ nínú ilé, ó yẹ kí àwa àgbà náà dá sí i. Ọ̀rọ̀ géèmù ọwọ́ tuntun tó ń jẹ́ Nintendo Switch 2 ni. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2025 ló jáde ní Jàpáànù, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni a ṣe Iléyá níbí. Nígbà tí àwa ń ṣírò owó àgbò, àwọn kan lọ́hùn-ún ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù láti òru nítorí géèmù. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀? A ò ní purọ́, ó dára. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 7.9, ti àkọ́kọ́ tó jáde ní 2017 jẹ́ 6.2. Àyè tó fi ń tọ́jú nǹkan jẹ́ gígábáìtì 256. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 32. Èèyàn lè gbé e dání, ó sì lè gbé e sínú ìjókòó rẹ̀ kó máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó tún ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ C sí, tí ọmọ á fi máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbá géèmù lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dọ́là 449.99 ni wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Bí a bá ka dọ́là kan sí náírà 1,500, ó ti tó náírà 675,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi ṣòfin ní 2024 jẹ́ náírà 70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn á ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án, kò ní jẹun, kò ní san owó ilé, owó náà kò sì ní tíì pé. A ò tíì ra géèmù tí wọ́n máa gbá nínú rẹ̀ o! Mario Kart World nìkan, bíi dọ́là 80 ni. Àwọn káàdì kan tún wà tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ lásán ló wà nínú wọn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ á ti lọ fa géèmù gan-an. Ta ni á san owó dátà? Bátìrì rẹ̀ ńkọ́? Wákàtí méjì sí mẹ́fà ààbọ̀, ó tán. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá.

Ẹlòmíì á ní, "Àbúrò mi tó wà ní London ló máa fi ránṣẹ́, kò ní ná mi ní kọ́bọ̀." Òótọ́ ni. Àwọn ìyá kan á tún ní ó sàn kí ọmọ jókòó sílé ti géèmù ju kó máa rìn kiri lọ. A ò lè bá wọn jà. Ẹni tó bá wà ní Kaduna lọ́dún 2000 mọ ìdí tí a fi ń ka ọmọ wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọkùnrin kan sì wà tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ ní ilé géèmù. Bí èyí bá lè mú wọn kúrò níbẹ̀, oore ló ṣe.

Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ má fi géèmù rọ́pò ara yín. Ọmọ tí a bí síbí, Hausa ló ń sọ lójú títì, Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé. Inú ilé nìkan ló kù fún Yorùbá. Bí géèmù bá tún gba ìrọ̀lẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, níbo lọmọ ti fẹ́ gbọ́ èdè? Ṣebí géèmù ni ayò ọlọ́pọ́n náà: ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, kò nílò iná. Ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu wọn kì í dákẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi áàpù òbí tí Nintendo ṣe sórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni. Òun lẹ máa fi díwọ̀n wákàtí tó fi ń gbá a lójúmọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò lè fi bọ́tìnnì C bá èèyàn sọ̀rọ̀ àfi tí òbí bá fọwọ́ sí i níbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ ṣeé yọ, ọmọ méjì lè jọ gbá a. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa fi Yorùbá bá wọn ṣeré.

Bí kò bá sì sí ẹni tó máa fi ránṣẹ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ jẹ gbèsè. Ọmọ tó ń sunkún géèmù lónìí á gbàgbé tó bá dọ̀la. Owó ilé ìwé kì í gbàgbé ẹni.

Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n o.