Oko Baba, Oko Ọmọ, Kọ̀ǹpútà Kan

Nígbà tí ìjà ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín mọ̀lẹ́bí ni àgbà sábà máa ń pa á lówe pé oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ rò pé òwe ìfura ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí baba àti ọmọ pín gaàrí. Ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè jọ máa jẹun lórí ilẹ̀ kan náà ló ń sọ.

Ìjọba Macedonia ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù dán irú àjọlò bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lọ́dún 2007. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan rí kọ̀ǹpútà lò. Kàkà kí wọ́n ra odidi kọ̀ǹpútà fún olúkúlùkù, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ti ilé-iṣẹ́ NComputing ni wọ́n yàn, ọmọ méje sì lè jọ lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ìjókòó 180,000 ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Ubuntu, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó rà, ni wọ́n fi sínú àwọn kọ̀ǹpútà náà.

Thin client ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Fúnra rẹ̀, iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí ọmọ bá tẹ̀ yóò gba inú wáyà lọ bá kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà. Sáfà yóò ṣiṣẹ́ náà, àwòrán rẹ̀ nìkan ni yóò padà wá sójú ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kan àwọn ará ilé wa jù. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè jẹ wọ́ọ̀tì 100, láìka ojú rẹ̀ kún un. Thin client kì í sábà ju 5 sí 15 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò yàrá oníjòókòó 40: wọ́ọ̀tì 4,000 ní ọ̀nà àtijọ́, nǹkan bí 900 ní ọ̀nà tuntun, sáfà sì ti wà nínú rẹ̀. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá sì ń fi jẹnẹrétọ̀ bójú tó irú yàrá bẹ́ẹ̀ mọ iye tí epo ń jẹ. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí kò ní fáànù, nítorí náà eruku ọyẹ́ kò rí ibi fà wọlé. Olè tó bá sì gbé e lọ kò gbé ìwé ẹnikẹ́ni. Inú sáfà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ààlà ńkọ́? Olúkúlùkù ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, ẹnì kan kò sì lè ṣí fáìlì ẹnì kejì. Ààlà mìíràn tún wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: ìwọ̀n agbára sáfà tí ẹnì kan lè lò. Bí kò bá sí, ọmọ kan tó ń wo fíìmù yóò fa gbogbo kíláàsì sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ tó ń bú thin client pé ó ń lọ́ra, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣìṣe. Wọ́n kó èèyàn jọ sórí sáfà tí kò lè gbé wọn.

Bí sáfà bá sì kú, gbogbo yàrá kú. Kí ilé-ìwé tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wá owó sáfà kejì, kó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé èèyàn mélòó ni ọ̀kan lè gbà, kó sì yọ díẹ̀ kúrò nínú iye tí ọlọ́jà bá sọ.