A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ibi-iṣẹ́ ni ó mọ òwe yìí bí ẹní mọ owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún iṣẹ́ wọn tò, abẹ a ti dé orí kí olórí tó gbọ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá bínú, wọn a ní: ‘Àwọn ènìyàn yìí kò fẹ́ àyípadà.’ Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ouagadougou ṣe ẹ̀rí.

Koulouba ni àdúgbò tí ààfin olórí ilẹ̀ Haute-Volta wà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso láti 1984. Maurice Yaméogo ni ó ń ṣe olórí láti ìgbà òmìnira ní 1960. Ní ìparí 1965, àpò ìjọba gbẹ. Yaméogo pinnu láti gé ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: ẹni tí ń gba 100 yóò máa gba 80. Òótọ́ ni pé owó kò sí. Dídín ìnáwó kù kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo ìgbéyàwó tuntun tí òun tìkára rẹ̀ ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún náà kò tíì kúrò létí ará ìlú. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pe ìyanṣẹ́lódì, òfin pàjáwìrì ni ó fi dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 1966, èrò kún ìgboro. Jacqueline Ki-Zerbo, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ-ogun kò yìnbọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Yaméogo gbé ipò sílẹ̀ fún Sangoulé Lamizana, ọ̀gá ológun.

Ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìjọba Lamizana náà dín owó kù! Garango, mínísítà ètò ìṣúná rẹ̀, gé ìnáwó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi orúkọ rẹ̀ pe ìnira náà: Garangose. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n fara dà á, àpò ìjọba sì kún padà. Ìjọba tuntun yìí ti bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀. Bí a bá ní ìbọn ni wọ́n bẹ̀rù, ṣé Yaméogo kò ní ìbọn ni?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olórí ìlú nìkan ni èyí. Nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò mi, mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a fi lẹ́tà kan ṣoṣo dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Láti ẹnu àwọn ọmọ ni àwọn olùkọ́ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Odindi ọdún kan ni àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì fi wà lábẹ́ òrùlé kan láìkí ara wọn, àwọn ọmọ ni ó sì jìyà rẹ̀. Lẹ́tà náà kò ní àṣìṣe kan; ọ̀gá tí ó kọ ọ́ ni kò yọjú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ pe àwọn tí yóò kàn. Ẹ fi ìwé ìṣirò hàn wọ́n, àti ibi tí ó dùn àti ibi tí ó korò. Ẹ gbọ́ èsì wọn, kí ẹ sì fi ara yín ṣáájú nínú ìrora náà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti sọ̀rọ̀ rárá, kí ó má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ọfà ti wá.