Ìtura Yàtọ̀ sí Ìwòsàn: Ọ̀rọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ìṣègùn

Egungun, iṣan, kòkòrò àrùn àti èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kọ́kọ́ máa ń bá pàdé, kò sì yani lẹ́nu bí ó bá fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹni tó sọ pé àṣàrò, mímí díẹ̀díẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìtùnú lè ran aláìsàn lọ́wọ́. Nígbà tó bá dé wọ́ọ̀dù, tó rí aláìsàn méjì tí àrùn wọn jọra, tí wọ́n ń lo oògùn kan náà, tí ara ọ̀kan sì ń mókun nígbà tí èkejì ń jẹ̀rora, ojú tó fi ń wo ọ̀rọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìyípadà yìí dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni kì í mọ ibi tó yẹ kí ó dúró sí. Láti orí ẹ̀gàn ni wọ́n ti ń fò bọ́ sórí ìgbàgbọ́ tí kì í béèrè ẹ̀rí.

Ìtọ́jú odindi ènìyàn ni èyí tí kò mọ sórí àrùn nìkan, tó tún ń wo ìrònú, ẹbí, iṣẹ́ àti ìgbàgbọ́ ẹni tí àrùn ń bá jà. Ìtọ́jú ọkàn-òun-ara sì ni ẹ̀ka rẹ̀ tó ń gba ọ̀nà ọkàn mú ara balẹ̀. Ní ọdún 1977, George Engel, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ẹni tó bá wo ara nìkan kò tíì rí àìsàn náà tán. Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tí ìrora ti di bára kú fún ní àṣàrò ní Yunifásítì Massachusetts. Kí àwọn wọ̀nyí tó dé ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, ti gba àkóso ilé ìwòsàn Aro ní ọdún 1954, tó sì fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí àwọn abúlé àyíká rẹ̀, tí ẹbí ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń dáná fún wọn, tí wọ́n sì ń mú wọn lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lójúmọ́. Lambo bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí àwọn tó ń fi Aro gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ máa ń gbàgbé ni pé kò torí èyí pa oògùn ìgbàlódé tì.

Aro yìí kan náà ni Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, ti ṣiṣẹ́ kí ó tó kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń ta, tí ojú ń ṣú nídìí ìwé, tí ohun tí wọ́n kà kì í sì í dúró lọ́pọlọ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí irú èyí lára ara rẹ̀ lásìkò ìdánwò kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn pé ọkàn a máa dààmú ara.

Ibo wá ni agbára ọkàn dé? Ní ọdún 2011, New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn oníkọ́ fée, èyí tó yẹ ní àkàtúnkà. Oríṣi ìtọ́jú mẹ́rin ni wọ́n gbà ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: oògùn albuterol tí a ń fà sínú, èyí tí a mọ̀ sí salbutamol ní Nàìjíríà, placebo, ìyẹn ohun tó jọ oògùn lójú ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà oògùn kankan nínú, abẹ́rẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n kàn ṣe bí ẹni ń gún, àti kí wọ́n má gba ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé báwo ni ara, ìtura tí wọ́n jẹ́rìí sí tó nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 fún albuterol, 45 fún placebo, 46 fún abẹ́rẹ́ àfarawé, àti 21 nígbà tí wọn kò gba nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn èémí wọn, albuterol fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kún un, àwọn mẹ́ta yòókù kò sì kọjá nǹkan bí ìdá 7. Àwọn aláìsàn náà kò purọ́. Ara tù wọ́n lóòótọ́, ẹ̀dọ̀fóró wọn ni kò gbọ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ yìí le gan-an lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé àìsàn tí kì í sábà ro ni lára ni. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú oògùn dókítà nítorí pé agbo àti àṣàrò mú kí ara rẹ̀ fúyẹ́ kò lè mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣe láìjẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n, rọpárọsẹ̀ kì í sì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ti jẹjẹrẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Yale fi aláìsàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì ràn ká ara, tí wọ́n kọ ìtọ́jú ilé ìwòsàn tí wọ́n sì yan ọ̀nà mìíràn, wé 560 tó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ewu ikú ti àkọ́kọ́ tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti ìkejì.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó yin ìtọ́jú kan tàbí kó tó bú u, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá bí ara ṣe ń ṣe aláìsàn ni ìtọ́jú náà fẹ́ tún ṣe tàbí ohun tí àrùn ń bà jẹ́, kí ó sì béèrè ohun tí aláìsàn ń fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àṣàrò fún ẹni tí àìróorunsùn tàbí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń dà láàmú, tí kò sì dá oògùn rẹ̀ dúró, kò lè fa ìjà. Agbo tí a rẹ sínú ọtí, tí aláìsàn ń mu mọ́ oògùn àtọ̀gbẹ láìsọ fún dókítà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, nítorí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ó tọ́ kí aláìsàn gbé ìgò agbo náà wá sí ilé ìwòsàn kí wọ́n rí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ìtàn àìsàn sílẹ̀ náà sì máa béèrè, láìfajúro àti láìrẹ́rìn-ín ẹ̀sín, pé, “Kí lẹ tún ń lò pẹ̀lú oògùn yìí, Màmá?”, torí ẹni tí wọ́n bá ti fi ojú gàn, “kò sí” ni yóò fi dá wọn lóhùn.