Bí Ìnàkí Ṣe Ń Parí Ìjà

Bí ẹ bá bi ọmọdé léèrè ohun tí ẹran inú igbó ń ṣe lẹ́yìn ìjà, yóò ní oníkálùkù a sá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ ni. Àgbà pàápàá lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú rí.

Ọmọ ilẹ̀ Hóláńdì kan wà, Frans de Waal ni orúkọ rẹ̀, tí ó kú ní ọdún 2024. Ní 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí jókòó ti àwọn ìnàkí tí a ń sìn ní ọgbà ẹranko ìlú Arnhem, irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Ní ọjọ́ kan nígbà òtútù, akọ kan kọlu abo kan. Àwọn yòókù figbe ta, wọ́n sáré wá gbèjà abo náà. Nígbà tí ó yá, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Lójijì gbogbo agbo tún hó yèè, àwọn méjì sì dì mọ́ra wọn, wọ́n fẹnu kan ara wọn lẹ́nu. Ọkùnrin náà ronú títí kí ó tó yé e pé àwọn méjì tí ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn gan-an nìyẹn. Wọ́n ń parí ìjà ni!

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó bá ta jà, ta ni ó sì tọ ta lọ lẹ́yìn náà. Ní 1979, òun àti Angeline van Roosmalen tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Àwọn tó jà kì í sá fún ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń wá ara wọn lọ. Ìfẹnukonu ni ti àwọn ọ̀tá méjì; ìdìmọ́ra ni ti ẹni tí kò sí nínú ìjà, tó wá rẹ ẹni tí wọ́n lù lẹ́kún.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn abo àgbà. Bí akọ méjì bá jà tán, tí olúkúlùkù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó ń ṣe bí ẹni ń wo koríko (a kò ha mọ irú ìjókòó yìí nínú ilé wa?), abo kan lè lọ bá ọ̀kan, kí ó máa yẹ irun ara rẹ̀ wò bí ìgbà tí ìyá ń wá iná lórí ọmọ. Yóò dìde jẹ́jẹ́ lọ sọ́dọ̀ èkejì. Èyí àkọ́kọ́ yóò tẹ̀lé e láìwo ojú ọ̀tá rẹ̀. Abo yóò jókòó sáàárín wọn. Kò pẹ́, yóò yọ́ kúrò, ẹ óò sì rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń yẹ irun ara wọn wò. Abo a tilẹ̀ máa gba òkúta lọ́wọ́ akọ tó ń múra ìjà. Mama ni orúkọ èyí tí gbogbo agbo ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀. Ó kú ní 2016.

Kí ẹ má rò pé ìwà tútù ni gbogbo rẹ̀. Nínú ọgbà kan náà, ní 1980, akọ méjì, Yeroen àti Nikkie, kọlu Luit lóru. Ọgbẹ́ náà ni ó pa á. Ní Gombe, ilẹ̀ Tanzania, níbi tí Jane Goodall ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, agbo kan pín sí méjì. Láti 1974 sí 1978, èyí tó tóbi ń dọdẹ èyí tó kéré títí kò fi ku akọ kan níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti jọ jẹ, tí wọ́n ti jọ sùn! Kò sí abo àgbà tó jókòó sáàárín agbo méjì.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀bọ vervet ní South Africa tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2016. Bí agbo méjì bá ń du oúnjẹ, tí ìjà dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn abo a máa yẹ irun akọ tó jà wò, wọn a sì kọjú ìjà sí èyí tó dúró wòran. Lọ́nà méjèèjì, akọ a tètè wọ̀ ọ́ nígbà tí ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé yíyẹ irun tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ nínú ilé ni ó tún ń ti ọkọ sójú ogun.

Ẹnìkan lè ní àbímọ́ ni ìwà wọ̀nyí. N kò gbà. Ọ̀bọ rhesus, oníjàgídíjàgan ni, kì í tètè làjà. De Waal àti Denise Johanowicz kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀bọ stumptail, tó mọ ìjà parí, fún oṣù márùn-ún. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 1993. Àwọn ọmọ náà kọ́ ọ. Nígbà tí a kó wọn kúrò níbẹ̀ tí ó ku àwọn nìkan, wọ́n ṣì ń parí ìjà wọn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò lọ.