Sìmẹ́ńtì Kì Í Ṣe Oògùn Ògiri Amọ̀

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkọ́lé inú àwọn ìjọ wa n'Íbàdàn,

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, láti Dùgbẹ̀ títí dé Bódìjà. Irú ògiri tí ọwọ́ mi kò tíì kàn kò pọ̀. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lẹ́bàá Ring Road kò fi kúrò lọ́kàn mi.

Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó sì ti dúró kí wọ́n tó bí mi. Ìgbìmọ̀ ibẹ̀ ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ tinú tòde, wọ́n gé etí òrùlé kúrú, wọ́n fi táìsì bo ìdí ògiri. Mo sọ̀rọ̀ títí. Alága wọn ní, "Bàbá, ayé ti lajú."

Òjò ọdún kejì ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo fi òòlù kan ògiri, ó dún bí àpótí òfìfo. Sìmẹ́ńtì já bọ́. Mo ki àtàǹpàkò bọ amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọlé dé oríkèé. Amọ̀ náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ẹ gé etí òrùlé, òjò ń nà án lókè. Ẹ fi táìsì dí ìdí rẹ̀, omi ilẹ̀ ń gùn ún. Ẹ wá fi sìmẹ́ńtì bò ó lójú pa. Níbo ni kí omi gbà jáde? Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló dé bá ògiri náà. Irọ́ ni! Wọ́n wó o palẹ̀. Ilẹ̀kùn ìrókò tí ojú àáké gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì hàn lára rẹ̀, ìrẹsì ìkórè ni wọ́n fi sè.

Amọ̀ Ìbàdàn yìí náà ni míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fi kọ́lé ní Kúdẹtì lẹ́yìn tí wọ́n dé ní 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè dínà ní 1860, tí wọ́n ń ta ẹrù wọn jẹun, amọ̀ ló ṣì bò wọ́n lórí. Ní 1947, Fada Kevin Carroll àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó agbẹ́gilére jọ l'Óyè-Èkìtì kí wọ́n lè máa gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Oníṣọ̀nà ni ṣọ́ọ̀ṣì ń wá nígbà náà. Kọngílá lẹ ń wá báyìí.

Mo gbà pé ẹ kì í ṣe ẹni ibi. Òrùlé ń jò sórí àwọn ìyá àgbà, owó ìjọ kò sì tó nǹkan. Àwọn míì nínú yín tilẹ̀ fowó ara wọn ra pánù. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì yẹn náà, owó ni wọ́n fi rà á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri, ẹ pe ẹni tó mọ amọ̀. A ṣì kù díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wọn fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìrókò yẹn nìkan ni mo rí gbà. Ó wà nílé mi l'Ágbowó. Alága tó bá fẹ́ rí i, kó wá.