Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ka Parasitamọ́ọ̀lù Bí A Ṣe Ń Ka Owó

 

Ó ṣòro kí èèyàn wọ ìsọ̀ kan nínú ọjà wa kó má bá káàdì parasitamọ́ọ̀lù nínú àpò owó tàbí lábẹ́ tábìlì. Ẹni tó ru ẹrù dé láti gáréèjì á lo méjì. Ẹni tí oòrùn pa lórí á lo méjì. Oníbàárà nájà títí, kò rà, inú bí aláṣọ, òun náà á lo méjì! Oògùn náà dára, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Owó rẹ̀ kò wọ́n bíi ti àwọn yòókù, ó ń bá ẹ̀fọ́rí àti ara gbígbóná jà, kì í sì í yọ ọlọ́gbẹ́ inú lẹ́nu tó àwọn oògùn ara ríro mìíràn. Ohun tó ń dùn wá ni pé a kì í kà á. Obìnrin tí kò ní jẹ́ kí náírà 50 sọnù nínú ìṣirò ọjà, ẹ bi í pé mélòó ló ti lò láti àárọ̀, kò mọ̀.

Ìṣirò ọ̀hún kò le. Ẹyọ kan tó wọ́pọ̀ jẹ́ 500 mg. Àgbàlagbà lè lo ẹyọ kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, kó sì dúró fún wákàtí 4, ó kéré tán, kó tó tún lo òmíràn. Láàárín wákàtí 24, kò gbọdọ̀ ju ẹyọ 8 lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ gan-an, ẹni tó ń mutí gidi, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, tiwọn gbọ́dọ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ibi tó ti ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ ni pé oògùn kan náà ń jẹ́ orúkọ púpọ̀. Panadol Extra, parasitamọ́ọ̀lù 500 mg ló wà nínú ẹyọ rẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn ló ní in nínú. Èyí tó wá burú jù ni àpòpọ̀ inú ọ̀rá kékeré, funfun, pupa, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń tà fún wa pé ti ara ríro ni. Ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀? Ká má tíì sọ ti àwọn kan tó ń sọ parasitamọ́ọ̀lù sínú ìkòkò kí ẹran tàbí ẹ̀wà lè tètè rọ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ títí lórí èyí. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, àwa náà là ń jẹ ẹ́ o.

Ẹ̀dọ̀ ni àpọ̀jù rẹ̀ ń bà jẹ́. Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kìíní, ẹni náà lè máa tajà, kó máa rẹ́rìn-ín, bóyá kí èébì kàn máa gbé e díẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, kí abẹ́ ìhà ọ̀tún tó máa dùn ún, kí ojú tó pọ́n bí àtalẹ̀. Oògùn tó ń dá a dúró wà nílé ìwòsàn, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ jù tí wákàtí 8 kò bá tíì kọjá. Ẹni tó bá ti lo àlòjù, kó má dúró kó rí àmì kankan kó tó lọ.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni a fi ń wọn tirẹ̀, kì í ṣe ká gé ti àgbà sí méjì. Èyí tí wọ́n ń kán sí ìkókó lẹ́nu sábà máa ń le ju ti inú ìgò ńlá lọ, nítorí náà ìdíwọ̀n inú páálí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì rántí pé parasitamọ́ọ̀lù kàn ń mú ara tutù ni, kò pa kòkòrò ibà. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ká tó lo oògùn ibà. Ti ìka ọwọ́ yẹn kì í sábà ju ìṣẹ́jú 20 lọ.

Èrò wa ni pé kí ẹgbẹ́ fòpin sí títa oògùn tí kò sí nínú káàdì tàbí páálí rẹ̀ nínú ọjà yìí. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò fàyè gba kíkiri oògùn. Àwọn kan á ní ibẹ̀ làwọn ti ń jẹun; a gbọ́, àwa náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù oúnjẹ rẹ̀, ọjà mìíràn pọ̀ tí wọ́n lè gbé lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oògùn eyín ọmọ tó ń jẹ́ My Pikin lọ́dún 2008. Parasitamọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà olóró kan bá a wọlé, ọmọ tó lé ní 80 ló kú. Nígbà tí NAFDAC ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ara ìgò àti páálí ni èèyàn fi ń dá a mọ̀. Èyí tó wà nínú ọ̀rá, kí la máa fi dá a mọ̀? A ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan bi àwọn èèyàn rẹ̀ léèrè kó tó wá.