Àsọtẹ́lẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Di Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ní ìlú Ìbàdàn lóde òní, ó ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá láìjẹ́ pé a pe àwọn ènìyàn jọ láti gbọ́ àsọyé nípa ẹ̀rọ titun. Bí a kò bá pè wọ́n sí gbọ̀ngàn Yunifásítì, a ó pè wọ́n sí gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn kan ní Bódìjà, tàbí sí ilé ìtura kan ní Ring Road, tàbí sí yàrá òkè ilé ìtajà kan ní Challenge. Alága yóò jókòó, olùsọ̀rọ̀ yóò dìde, yóò sì máa wí pé: láàárín ọdún márùn-ún, iṣẹ́ báyìí yóò parẹ́, láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ̀rọ ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́, ẹni tí kò bá tètè múra, ayé yóò fi í sílẹ̀. Àwọn olùgbọ́ yóò pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò, olúkúlùkù yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ọdún márùn-ún náà yóò pé, kò sì sí ẹni tí yóò padà wá béèrè pé, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ńkọ́?

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn bàbá wa fún un ní orúkọ tí ó bá a mu: asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Wọn kò bú u. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe àpótí. Ẹni tí ó bá dìde ní gbangba, tí ó sọ bí ọ̀la yóò ti rí, tí àwọn òbí sì torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta ilẹ̀ láti san owó ẹ̀kọ́ ọmọ, ó yẹ kí ó gba èsì. Ohun tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí kò ju èyí lọ: kí a máa kọ àsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kí a sì máa padà ṣí ìwé náà wò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a lòdì sí wíwo iwájú. Àwọn àgbà wa ni wọ́n ń pa á lówe pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwa Onígbàgbọ́ àti àwọn arákùnrin wa Mùsùlùmí kì í dífá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n òwe náà kò ṣòro fún wa láti gbà. Òwe náà kò wí pé babaláwo dífá lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ sùn; ọrọọrún ni ó ń padà wá. Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú, nínú Deuterónómì orí 18, fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún wòlíì: ṣíṣẹ tàbí àìṣẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a ó fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ, bí a kò bá rántí ohun tí ó wí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí ẹni tí ó lè pè é ní aláìmọ̀kan. Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi iná mànàmáná sí apá kan ìgboro New York ní ọdún 1882, sọ ní ọdún 1913 pé láìpẹ́ ìwé kò ní wúlò mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Pé àwòrán sinimá ni a ó fi máa kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀, àti pé kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ètò ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti yí padà pátápátá. Ọdún 1923 dé, ìwé wà lọ́wọ́ ọmọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí a ti sọ ọ̀rọ̀ náà, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ.

Irú ìrètí bẹ́ẹ̀ wọ Ìbàdàn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV. Lára ohun tí ó bí i ni pé ní ọdún 1953, Gómìnà Macpherson bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wí lórí rédíò ìjọba, wọn kò sì fún Awólọ́wọ̀ ní ààyè láti fèsì níbẹ̀. Àìrí ààyè fèsì, ẹ kò rí i bí, ni ó ti àwọn aṣáájú wa láti wá ohùn tiwọn. Wọ́n fi í yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mòrókò àti Àlùjíríà ti rí amóhùnmáwòrán ṣáájú ọdún náà. Ìjọba sì wí pé yóò ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, pàápàá níbi tí olùkọ́ kò bá tó.

Wọ́n ṣe ètò fún ilé-ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àpótí náà kò lè sọ̀rọ̀ níbi tí iná mànàmáná kò dé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kò ní owó tí wọn yóò fi rà á. Eré Yorùbá ni ó rí ilé gbé nínú rẹ̀: Dúró Ládiípọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gba inú àpótí náà wọ ilé àwọn ènìyàn. Ẹ̀rọ tí a ní yóò jẹ́ olùkọ́ di ìtàgé. A kò pe èyí ní àdánù, nítorí èdè wa jèrè púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti torí amóhùnmáwòrán ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni pa ní ọdún 1959, àwọn ọmọ wa ni ìbá jẹ ìyà rẹ̀.

A dúpẹ́ pé ìjọba kan náà ti kọ́ ọgbọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó wá ju iye tí a ti ṣírò lọ púpọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò pé 460,000 ní ọdún 1954 di ẹni tí ó lé ní 800,000 ní ọdún kan péré. Àsọtẹ́lẹ̀ kùnà, ṣùgbọ́n nítorí pé a ka àwọn ọmọ náà, tí a sì fi iye wọn wé ti inú ìwé, a mọ bí àìtó olùkọ́ ti pọ̀ tó, a sì tètè ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni sí i. Kíkùnà nìkan kọ́ ni ń ba ìlú jẹ́. Kíkùnà tí a kò kà ni.

Àṣìṣe àsọtẹ́lẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹni tí ó ń retí púpọ̀ nìkan. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1903, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé ó lè gba ọdún 1,000,000 sí 10,000,000 kí ènìyàn tó ṣe ẹ̀rọ tí yóò fò ní tòótọ́. Kò pé àádọ́rin ọjọ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ àwọn ará Wright gbéra nílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, kí fóònù alágbèéká tó dé ní ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 1,000,000. Kí ọdún 15 tó pé, wọ́n ti lé ní 100,000,000. Àwọn tí ń ta ìpè lábẹ́ agboorùn ní ẹ̀bá títì Dùgbẹ̀, àti àwọn tí ń ṣí ilé íntánẹ́ẹ̀tì ní Agbowó níwájú ẹnubodè Yunifásítì, rí owó fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí fóònù sì kún àpò gbogbo ènìyàn, iṣẹ́ méjèèjì rọ. Ẹ̀rọ kan náà ni ó gbé wọn dìde, òun náà ni ó sì jẹ́ kí wọ́n palẹ̀ mọ́.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n rí i gan-an. Ní ọdún 1945, Arthur C. Clarke, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé a lè gbé ẹ̀rọ sí ojú ọ̀run ní ibi tí yóò ti máa bá ayé yí, kí a sì fi í gbé ohùn láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1964, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lókè. Nígbà tí ó sì yá, àwọn àwo ńlá tí ń bá irú wọn sọ̀rọ̀ dìde ní Lánlátẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá tí kò jìnnà sí wa. Nítorí pé Clarke kọ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣírò ni a fi lè bu ọlá fún un lónìí.

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀rọ tí a ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ní ọdún 1965, Herbert Simon, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé láàárín ogún ọdún ẹ̀rọ yóò lè ṣe iṣẹ́ yòówù tí ènìyàn lè ṣe. Ọdún 1985 dé, ó kọjá. Ní ọdún 2016, Geoffrey Hinton, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ náà, sọ ní ìpàdé gbangba ní Toronto pé kí a dáwọ́ dúró ní kíkọ́ àwọn dókítà tí ń ka àwòrán X-ray, nítorí láàárín ọdún 5, bóyá 10, ẹ̀rọ yóò máa kà á jù wọ́n lọ. Ọdún 5 náà pé ní 2021. Àwọn dókítà náà wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ sì di olùrànlọ́wọ́ wọn. A fi ẹ̀bùn Nobel dá ọkùnrin yìí lọ́lá ní 2024, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn bá ti gba ìmọ̀ràn rẹ̀, àwọn aláìsàn ni ìbá san gbèsè náà.

Èé ṣe tí ọlọ́gbọ́n fi ń ṣì í báyìí? Ọlọ́gbọ́n kan kò ta kókó omi sí etí aṣọ, ọ̀mọ̀ràn kan kò mọ iye erùpẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ mọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Kò mọ ẹni tí yóò ra epo sí i ní ìlú tí iná kì í dúró, ẹni tí yóò tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́, àti ẹni tí agbára rẹ̀ kò ní ká a rárá. Ìjọba pàápàá kò yọ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìwé Vision 2010 jáde ní ọdún 1997. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Vision 20:2020, tí ó wí pé Nàìjíríà yóò wà lára orílẹ̀-èdè ogún tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù lọ láyé nígbà tí ọdún 2020 bá fi dé. Ọdún méjèèjì dé, wọ́n sì kọjá. Àsọyé tí ó kí wọn káàbọ̀ pọ̀. Èyí tí ó padà wá ṣí ìṣirò wọn kò tó nǹkan.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe kékeré. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ti ń béèrè bóyá iṣẹ́ náà yóò wà nígbà tí wọ́n bá jáde. Àwọn òbí kan ti ń wí pé kò sí ìdí tí ọmọ yóò fi kọ́ àmì ohùn, nítorí ẹ̀rọ yóò fi í sí i fún un. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú títì, àti ọ̀kọ̀ jagunjagun, ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ wọn ni ó lè mọ̀ bí ẹ̀rọ bá fi àmì sí ibi tí kò yẹ. Inú ohun tí àwa ènìyàn kọ ni ẹ̀rọ náà ti kọ́ èdè. Bí àwa bá dẹ́kun kíkọ Yorùbá dáradára, kí ni yóò kọ́?

Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọlọ́lá tí a ń fi ṣe alága ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín ni a fi ń pe èrò jọ. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín ra ìdáhùn fún wọn. Kí olùsọ̀rọ̀ tó jókòó, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: kí ni yóò ṣẹlẹ̀, níbo, ní ọdún wo, kí sì ni a ó fi mọ̀ pé ó ti ṣẹ? Èkejì: iná wo, owó ta ni, àti ọwọ́ ta ni yóò máa gbé ẹ̀rọ náà ró? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ń ta ohun tí ó ń yìn? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí olùsọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i, kí a sì ka ìwé náà sókè ní gbangba nígbà tí ọdún tí ó dá bá pé.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, bí a bá ṣe báyìí, àwọn ọ̀mọ̀wé yóò bẹ̀rù láti wá. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dín ariwo kù, yóò sì fi kún àlàyé. Ẹni tí ó bá sá nítorí akọ̀wé, sísá rẹ̀ sàn fún ìlú. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì kùnà lẹ́yìn tí ó ti sọ òtítọ́ inú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sín. A ó pè é padà kí ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún wa, ìdí náà yóò sì kọ́ wa lọ́gbọ́n ju àsọyé ti àkọ́kọ́ lọ.

Láti oṣù tí ń bọ̀, ìwé ìròyìn yìí yóò ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ní gbangba ní ìlú wa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú ọjọ́, ibi tí a ti sọ ọ́, àti ọdún tí a dá. Àwa yóò tọ́jú rẹ̀. Bí a kò bá sí mọ́ nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, àwọn tí yóò jókòó sí ipò wa yóò rí ìwé náà ṣí.